Búrẹ́dì Kan Tí A Kò Rí Gbà Padà

Ẹ gbé búrẹ́dì yẹn sórí tábìlì, kí ẹ fi aṣọ bò ó. Ẹ má sì wojú ara yín bẹ́ẹ̀, ara mi yá. Mo ti rí i pé láti àárọ̀ tí mo ti kọ oúnjẹ lẹ ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, pé kí ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù kí ẹ tó padà sí Èkó. Kò sí ohun tó ń ṣe mí. Ebi ń pa mí dáadáa, òórùn búrẹ́dì yẹn sì ń yọ mí lẹ́nu ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n òní ni ọjọ́ kejì ọdún ìtúnu, mi ò sì í fi nǹkan kan kan ẹnu lọ́jọ́ yìí títí oòrùn á fi wọ̀. Èmi kì í ṣe mùsùlùmí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹbí wa, ìyá yín àgbà nìkan ló mọ ìdí rẹ̀, òun náà ti lọ. Ẹ jókòó, kí n sọ ọ́ fún yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo gbọ́ pé ẹ rìn kí ẹ tó rí búrẹ́dì yìí. Bísí ní ẹ wọ ilé búrẹ́dì kan bọ́ sí òmíràn ní Ìjerò níbí, tàná ni wọ́n ń pè ní tòní fún yín. Ẹ dé Ẹ̀fọ̀n, wọ́n ti tìlẹ̀kùn nítorí ọdún. Àrámọkọ lẹ ti wá rí obìnrin kan tó ṣì ń fi igi dáná. Ẹ ṣeun. Èmi náà ti wá irú ẹ̀ títí ó fi sú mi. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìkògòsì sọ fún mi pé láti Adó ni wọ́n ti ń kó búrẹ́dì wá fún àwọn àlejò tó ń wá wo omi gbígbóná, pé inú ọ̀rá ló máa ń làágùn sí kó tó dé. Bí mo bá wọ ilé búrẹ́dì, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi wọ́n: ta ló pò ó, kí ló sì fi wú u? Wọ́n á wò mí tìka-tẹ̀gbin. Wọ́n á ní, "Baba, ṣé ẹ fẹ́ rà á àbí ẹ ò rà á?" Èmi á sì yí padà sílé.

Ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe lẹ́yìn ọjà yẹn ni ilé búrẹ́dì Àlàájà wà nígbà náà. Múníràtù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjerò ni, opó ni, ilé búrẹ́dì yẹn àti kẹ̀kẹ́ kan péré ni ọkọ rẹ̀ sì fi sílẹ̀ fún un. Èmi ni mo ń dáná ààrò. Mo ti dàgbà, mo ti fẹ́ ìyá yín àgbà sílé. Ààrò alámọ̀ ni, ó tóbi tó yàrá kékeré. Inú rẹ̀ gan-an la ti ń dáná, igi kòkó gbígbẹ la sì ń lò. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, òkè ààrò á dúdú bí ìdí ìkòkò. Bó bá ti gbóná débi tó yẹ, dúdú yẹn á jó kúrò, gbogbo òkè ààrò á funfun. Nígbà náà ni mo máa ń wọ́ ẹ̀yinná jáde, tí n ó fi àpò tútù tí a so mọ́ igi gígùn nu ilẹ̀ rẹ̀. Ariwo "ṣíì" tí àpò yẹn máa ń pa, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, wọ́n á mọ̀ pé búrẹ́dì ò ní pẹ́ jáde. Irun ìpéǹpéjú mi kò hù dáadáa ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìyá yín àgbà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun rò pé odindi ọkùnrin lòun fẹ́.

Ọwọ́ la fi ń po fùláwà. Wọ́n á gbé e ga, wọ́n á là á mọ́ pákó, gbì, wọ́n á ká a, wọ́n á tún là á mọ́ ọn. Bí o bá fi ìka tẹ búrẹ́dì ayé ìgbà yẹn, á rọra padà sí bó ṣe wà. Ẹ wá tẹ ti ìsinsìnyí wò. Ibi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ló máa wà, ṣúgà ni wọ́n kàn dà sí i bí ẹni ń ṣe àkàrà òyìnbó.

Nínú oṣù Ràmàdáánì, búrẹ́dì Àlàájà ni àwọn mùsùlùmí Ìjerò, Àrà àti Ìpótì fi ń ṣínu. Ilé búrẹ́dì wà níbòmíràn, àmọ́ ẹmu ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wú tiwọn. Ẹ má yanu. Ẹmu àárọ̀ tó ń hó lọ́wọ́, bí o bá dà á sí fùláwà, á wú u dáadáa, yíìsì inú agolo kì í sì í fìgbà gbogbo wà nígbà náà. Àlàájà kì í jẹ́ kí ẹmu kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di èèyàn pàtàkì lójú àwọn èèyàn rẹ̀ nìyẹn. Aláàwẹ̀ lè gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀ láìbi í léèrè ohunkóhun.

Túnjí ni ẹni tó ń po fùláwà fún un lọ́dún yẹn. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ni. Ó lágbára, ó sì fẹ́ràn ẹ̀rín. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n, ẹmu lòun ń lò láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Túnjí dé, wọ́n kàn gbé agolo yíìsì fún un pé èyí la ń lò níbí. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Kò sí mùsùlùmí kankan nínú agboolé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ó sì rò pé yíìsì kàn wu Àlàájà ni.

Ọjọ́ kan báyìí nínú ààwẹ̀, yíìsì tán. Òjò ti gbá afárá lọ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ tó ń kó ọjà wá fún wa kò lè kọjá. Àlàájà jí lọ sí Àrámọkọ láti wá a, ó ní kí Túnjí máa retí òun. Èmi wọ oko lọ ṣẹ́gi. Nígbà tí mo fi máa dé, fùláwà ti wú kún ọpọ́n, ó ń yọrí lábẹ́ aṣọ. Túnjí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dáná. Ọlọ́run ti bá wa ṣe é." Mo dáná. Ìgbà tí Àlàájà dé, ó ti kírun àìlá lójú ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, àárẹ̀ ti mú un, ó ti ń ro ohun tó máa sọ fún àwọn tó ń retí rẹ̀ nílùú mẹ́ta. Ló bá rí búrẹ́dì lórí pákó, ó wú, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ó jókòó sórí igi mi, ó sì sunkún ayọ̀. Àwọn tó ń tà á kún ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń pariwo pé àkókò ń lọ. Ó ní, "Ẹ kó o fún wọn." Wọ́n kó o, wọ́n lọ.

Ó di ìgbà tó kírun àlàásàrì tán kó tó rántí béèrè.

"Túnjí, ọwọ́ ta lo ti rí yíìsì?"

Inú Túnjí dùn pé wọ́n bi òun. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa kèǹgbè kan yọ lábẹ́ pákó. "Yíìsì kọ́, Màmá. Ẹmu ni. Mo rí i pé uṣẹ́ fẹ́ dúró, mo bá sáré tọ adẹ́mu lọ. Ṣé ẹ rí bó ṣe wú?"

 Mo wo ojú Àlàájà, mi ò rí ìbínú níbẹ̀. Ìbá sàn ká ní ìbínú ni.

Ó ní, "Ọtí lo fi ṣe é. Ọtí làwọn aláàwẹ̀ fẹ́ fi ṣínu."

"Ọtí kẹ̀?" Ẹ̀rín ti ń kúrò lójú Túnjí. "Búrẹ́dì mà ni, Màmá. Uná ti jó o." Òótọ́ inú rẹ̀ ló ń sọ. Lójú tirẹ̀, ẹmu tó wọ inú fùláwà ti kúrò ní ohun mímu, bíi iyọ̀ àti bọ́tà ló rí. Ìgbà tó rí Àlàájà tó ń fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ kèǹgbè náà ló tó yé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eérú.

Àlàájà kò wò ó. Oòrùn ló ń wò. Ó ti ń fara ti àwọn òkè.

"Dìde, kò sáyè ẹ̀bẹ̀," ló wí. "Ìwọ máa lọ sí Àrà. Èmi á yí Ìjerò ká. Ìwọ," ó kọjú sí mi, "gbé kẹ̀kẹ́ ọkọ mi, kí o gba Ìpótì lọ. Ẹyọ kan ò gbọdọ̀ kan ẹnu aláàwẹ̀."

Túnjí ní, "Màmá, ta ló máa mọ̀? Ó ti di búrẹ́dì. Bí a bá lọ sọ ọ́, wọn ò ní rà á lọ́wọ́ yín mọ́ láéláé."

"Èmi ti mọ̀," ni Àlàájà wí.

Mo ní ká sọ pé kẹrosíìnì ló dà sí fùláwà. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n yẹn. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. "Èmi ni mo kó o fún wọn tí mi ò béèrè. Ẹ má wá pa urọ́ mọ́ ọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ sọ."

Ẹ mọ ọ̀nà Ìpótì. Ẹ̀ ń fi mọ́tò sáré lórí ẹ̀ báyìí, ẹ ò sì mọ̀ pé òkè wà níbẹ̀. Nígbà náà, ilẹ̀ pupa ni, òjò ti là á yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Mo ń wa kẹ̀kẹ́ yẹn, òjìji mi ń gùn síwájú mi. Bí mo bá dé ibi tó ṣòro, màá sọ̀ kalẹ̀, màá tì í, màá tún gùn ún. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá pẹ́ jù, wọ́n á ti jẹ ẹ́. Bí mo bá sì tètè dé, èmi náà ni mo máa fi ẹnu ara mi ba obìnrin yẹn jẹ́. Inú ń bí mi sí Túnjí, inú ń bí mi sí Àlàájà pàápàá. Kò sí fóònù tí èèyàn lè fi pe ẹnikẹ́ni. Lóde òní, ẹ̀ bá ti tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kí àyà mi tó já tán.

Nígbà tí mo wọ Ìpótì, oòrùn ti pọ́n. Iwájú mọ́ṣáláṣí ni mo gbà lọ tààrà. Àwọn ọkùnrin ti jókòó sórí ẹní, búrẹ́dì wa wà níwájú wọn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀tù omi, wọ́n ti ń bù ú sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń retí kí ládàánì dìde. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Ọkùnrin kan ń kí Lèmọ́ọ̀mù pé búrẹ́dì Àlàájà tòní tún yàtọ̀.

Mo ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹmu la fi wú u. Àṣìṣe ni."

 Ẹni tó ní èkìrí búrẹ́dì lọ́wọ́ kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Lèmọ́ọ̀mù, àgbàlagbà kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, bi mí pé, "Ta ló rán ọ?"

"Àlàájà fúnra rẹ̀ ni, Baba."

"Òun ló ní kí o sọ pé ẹmu ni?"

"Òun ni. Ó ní mi ò gbọdọ̀ pa urọ́."

Ó gbé tirẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, ó sì nu ọwọ́. Ó ní, "Omi tó wa lónìí. Ẹ kó o fún un, kí ẹ sì yára lọ sí àwọn ulé."

Sáfúrátù, tó ń ta búrẹ́dì wa ní Ìpótì, ti kó ọwọ́ lérí. Òun ló mọ gbogbo ẹni tó rà á, òun náà ló mú mi wọ agboolé kan jáde sí òmíràn. Àwọn kan dá a padà láìsọ̀rọ̀, àwọn kan ṣépè fún wa. Ìyá kan ti bu ún sínú ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ nù lójú wa, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀, torí kò sí òmíràn nílé. Mo ń wo ojú ọ̀run ní gbogbo ìgbà náà. Ìgbà tí àpò mi kún, mo bi Sáfúrátù bóyá ó tán.  Ó di orí mú.

"Ó ku ẹyọ kan," ló wí. "Àlejò kan ló rà á, tó fi láwàní wérí. Ìlọrin ló ní òun ń lọ. Lọ́rì ló wọ̀."

"Ìgbà wo?"

"Kó o tó dé ni. Kò tíì pẹ́. Ó ní orí ọ̀nà lòun ó ti ṣínu."

Mo bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ yẹn jáde nílùú bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo rí eruku lọ́rì náà níwájú, lórí òkè kejì, mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mo rí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà gan-an bó ṣe ń yí kọ́nà. Ibi tí mo dé nìyẹn tí mo gbọ́ ohùn ládàánì lẹ́yìn mi láti Ìpótì. Ó pè é, ó dákẹ́, ó tún pè é. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Kò sí ohun tí mo tún ń lé mọ́.

Ìgbà tí mo padà dé Ìjerò, Àlàájà jókòó sí ẹnu ààrò. Túnjí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti gba gbogbo ti Àrà padà, ti Ìjerò náà sì ti pé. Omi wà nínú ife níwájú Àlàájà, kò tíì fẹnu kàn án. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó mu omi díẹ̀, ó ní, "Ẹni yẹn gba ààwẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀, ó sì fọkàn tán wa."  Èmi ni mo sunkún.

Búrẹ́dì tí a gbà padà, àwọn bàbá mi ló jẹ ẹ́. Ológùn-ún ni wọ́n, ọdẹ ni wọ́n, wọ́n jẹ ẹ́ títí wọ́n fi ń bi mí ìgbà tí a tún máa ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ní ìyókù ààwẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn Ìjerò kò dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. A ń yan díẹ̀, ó ń ṣẹ́kù. Ìpótì nìkan ni kò yẹsẹ̀. Lèmọ́ọ̀mù wọn ní kí Sáfúrátù máa bọ̀ bó ṣe ń bọ̀, pé ẹni tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, òun ò nílò láti bi í léèrè. Díẹ̀díẹ̀ làwọn yòókù padà.

Gbogbo wa rò pé ó máa lé Túnjí lọ. Kò lé e. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, búrẹ́dì kankan kò wọ ààrò mọ́ àfi bí oníkálukú bá sọ ohun tó fi sí i sókè ketekete. Túnjí á ní, "Yíìsì, iyọ̀, ṣúgà, bọ́tà ni mo fi sí i." Èmi á ní, "Igi kòkó ni mo fi dáná." Àlàájà á ní, "Mo gbọ́." Ojoojúmọ́ ni. Àwọn tó ń kọjá máa ń fi wá rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì ìtúnu ọdún yẹn, nígbà tí gbogbo ìlú ń jẹ tí wọ́n ń mu, Àlàájà kò jẹun. Ó ní òun ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan padà fún ẹni inú lọ́rì. Lèmọ́ọ̀mù Ìjerò wá bá a, ó ní ẹni tí kò mọ̀ kò dẹ́ṣẹ̀, kò sì sí gbèsè lọ́rùn Àlàájà náà. Àlàájà ní òun gbọ́, òun sì dúpẹ́, àmọ́ ọwọ́ òun ló kó o jáde. Túnjí gbé oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà gbé tèmi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdọọdún la ń ṣe é, títí Àlàájà fi kú, tí ààrò náà fi wó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Túnjí ṣì ń ti Ẹ̀fọ̀n wá bá mi lọ́jọ́ náà, a ó jọ jókòó síbí, a ó máa wo oòrùn. Ẹ ti bá a níbí rí, òun ni bàbá tó máa ń pe Bísí ní ìyàwó mi. Òun náà kú lọ́dún tó kọjá. Ó ku èmi nìkan.

Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin yẹn tiẹ̀ jẹ ẹ́. Ó lè ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè ti fi fún ọmọ kan nínú ọkọ̀. Ó lè jẹ ẹ́ tán, kó gbàdúrà fún ẹni tó yan án. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo máa ń rò jù, òun ló sì máa ń dùn mí jù.

Ẹ gbọ́, ládàánì ti ń pè é. Bísí, ṣí aṣọ yẹn kúrò. Mo rí i pé láti ìgbà tí mo ti dárúkọ lọ́rì lo ti rọra dá èkìrí búrẹ́dì tìrẹ padà sínú ọ̀rá. Mi ò ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mi ò sì ní kí o má ṣe bẹ́ẹ̀. Wá, kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi: ta ló pò ó, kí ló sì fi wú u?

O béèrè lọ́wọ́ obìnrin Àrámọkọ yẹn?

Ó dáa. Sọ ọ́ sókè. Mo gbọ́.